Ìyáàlù ní Manchester, omele ní Ìlẹ́ṣà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìdílé onílù ni wá ní Ìlẹ́ṣà. Ní oṣù Kejìlá, á pé ọdún mẹ́wàá tí bàbá wa papò dà, àwọn ló sì fi dùndún tọ́ gbogbo wa. Àbúrò mi tó ń lu ìyáàlù wà ní Manchester, kò ní lè wálé. A fẹ́ kó máa lù ú láti ibẹ̀, kí àwa máa lu omele níbí, kí àwọn èèyàn máa wò ó lójú pírójẹ́tọ̀ nínú họ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti dán an wò lórí fídíò WhatsApp. Ńṣe ni ìlù wa ń falẹ̀ títí ó fi kú. Ẹnì kan ní dátà wa ló kéré, ẹnì kejì ní ká lọ ra Starlink. Èwo ló tọ́? Ọmọ Àyàn, Ìlẹ́ṣà.

Ìdáhùn: Ọmọ Àyàn, ẹ kú ìrántí bàbá. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le níbẹ̀. Kò sí dátà tí ẹ máa rà, kò sí sátẹ́láìtì tí ẹ máa gbé sórí òrùlé, tí ẹ̀yin àti àbúrò yín á fi lu ìlù ijó papọ̀ bí ìgbà tí ẹ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ṣùgbọ́n ìrántí yẹn ṣeé ṣe, ó sì lè dùn débi pé àwọn ará họ́ọ̀lù á gbàgbé pé òkun wà láàárín. Ohun tí ẹ máa yí padà ni ẹni tí yóò lu kí ni, àti ìgbà tí yóò lù ú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ dátà kúrò lọ́nà ná. Ohùn ìlù kan ṣoṣo, tí a kò fún mọ́lẹ̀ rárá, tó mọ́ gaara bíi ti CD, kì í jẹ ju nǹkan bíi kilobit 768 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan gbáko kò tó megabyte 350. Fídíò bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń wò lórí fóònù ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dátà ni fífẹ̀ ọ̀nà, gígùn ọ̀nà ló sì ń dà yín láàmú. Bí ìjọba bá fẹ ọ̀nà Ìlẹ́ṣà sí Ifẹ̀ lọ́la tí mọ́tò mẹ́jọ ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, èrò púpọ̀ á lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ nǹkan bíi kìlómítà 30 tó wà láàárín ilé yín àti ibi tí mo jókòó sí yìí kò ní dín ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àkókò tí ohùn ń lò lójú ọ̀nà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní latency. Èmi á máa pè é ní ìpẹ́lọ́nà.

Ẹ bá mi tẹ̀lé ìró ìlù kan. Ó kúrò ní Ìlẹ́ṣà, ó gba Èkó, ó wọ inú òkun. Ọ̀kan nínú àwọn okùn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wa kọjá lábẹ́ omi, èyí tí wọ́n ń pè ní MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000 láti Portugal dé Èkó. Láti ibẹ̀ dé Manchester, ẹ fi bíi 2,000 lé e. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn nínú okùn yẹn, inú gíláàsì ló sì ń gbà. Kò lè sáré ju bíi kìlómítà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta eré tó ń sá ní gbangba. Ẹ pín in. Kìlómítà 9,000 á jẹ mílísẹ́kọ́ńdì 45 ní àlọ, 90 ní àlọ àti àbọ̀. (Mílísẹ́kọ́ńdì kan, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni.) A ò tíì ka ráútà, a ò tíì ka láptọ́ọ̀pù, a ò tíì ka ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà àti èyí tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn padà. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa tí ẹ rí 120 tàbí 130 ní àlọ àti àbọ̀, ẹ dúpẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ mọ òṣómàálò: á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkun yìí ṣe rí. Ẹ̀bẹ̀ kò tu 90 yẹn lára rẹ̀.

Ẹ má rò pé ohun àjèjì ni o. Ẹ ti bá a pàdé ní ojú títì Ìlẹ́ṣà níbẹ̀. Inú afẹ́fẹ́, ohùn kì í yára: nǹkan bíi mítà 343 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé mítà kan ń jẹ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3. Ẹ rántí ọjọ́ Ìwúde, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí onílù wà níwájú èrò, tí onílù mìíràn tún wà lẹ́yìn. Bí mítà 50 bá wà láàárín wọn, ìró iwájú á ti pẹ́ tó bíi 145 kó tó dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn kì í bá iwájú dọ́gba láéláé. Ọmọdé onílù tó bá ń gbìyànjú láti tẹ̀lé àwọn tó wà níwájú á kàn ba ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni. Àgbà onílù kì í dán an wò. Á kọ etí dídi sí iwájú, á so ara rẹ̀ mọ́ gúdúgúdú tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi etí dídi yẹn sọ́kàn, a máa lò ó.

Nísinsìnyí, kí ló pa ìlù yín lórí WhatsApp? Ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Chris Chafe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí èèyàn méjì méjì máa pàtẹ́wọ́ papọ̀, olúkúlùkù nínú yàrá tirẹ̀, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ mú kí ohùn tó ń lọ láàárín wọn pẹ́, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìpẹ́lọ́nà àlọ kò tó mílísẹ́kọ́ńdì 10, àtẹ́wọ́ ń yára sí i ni, èyí tó ya èmi gan-an lẹ́nu. Láti 10 dé bíi 20, ó dúró déédéé. Láti bíi 25 lọ sókè, ó ń falẹ̀. Nígbà tó kọjá 60, ó dàrú. Ẹ wá fi tiyín wé e: àlọ nìkan ti jẹ 45 kí ẹnikẹ́ni tó tan fóònù.

Ẹ̀rọ kọ́ ló ń fa ìfalẹ̀ yẹn, ìwà ni. Ìró àbúrò yín pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ rò pé òun ló ń falẹ̀, ẹ bá dúró dè é díẹ̀, bí ọmọlúàbí. Ìdúró yẹn gbéra, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìpẹ́lọ́nà tirẹ̀, òun náà rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń falẹ̀, òun náà bá dúró dè yín. Ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín títí ìlù fi kú. Ẹni tí kì í gbọ́ ẹlòmíì kò lè ní ìṣòro yìí. Àwọn onílù tó létí ló ń ṣubú jù. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ilé bá ti bú àbúrò yín pé òyìnbó ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún ronú lórí bí gúdúgúdú ṣe ń rọ̀ jò. Bí ẹsẹ̀ ijó bá ń lọ ní 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 500. Bí gúdúgúdú bá pín in sí mẹ́ta, ìró kan ń tẹ̀lé òmíràn ní bíi 167. Ohùn tó fi 130 pẹ́ ti ń rìn lọ bá ìró tó kàn. Kì í ṣe pé ó pẹ́ mọ́. Ó ti bọ́ sí ibòmíràn nínú orin.

Ti Starlink kò ní gba àkókò. Sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní kìlómítà 35,786 lókè, kí ohùn gòkè kó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ bíi mílísẹ́kọ́ńdì 240. Ti Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní 2023, wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550 péré, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀. Bí fáíbà (okùn gíláàsì yẹn) kò bá dé àdúgbò yín, tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù sì ń ṣe ségesège, ó dáa kí ẹ yá ti ẹni tó ní in. Àmọ́ ẹ má gbé owó ìrántí bàbá fún un pé yóò sọ Manchester di Òkèṣà ní Ìlẹ́ṣà. Ìrìn àjò Yúróòpù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ lè ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olórin ìlú méjì jọ ń ta fayolíìnì, tó sì gún. Òótọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ orin Tartini ní Trieste, ní Ítálì, àti nẹ́tíwọ̀kì àwọn yunifásítì wọn tó ń jẹ́ GARR, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní LOLA fún irú iṣẹ́ yìí. Kì í fún ohùn mọ́lẹ̀, kì í fún àwòrán mọ́lẹ̀, orí fáíbà yunifásítì tí kò sí èrò lórí rẹ̀ ló ń rìn. Ìlú méjì tí okùn kìlómítà 1,000 bá wà láàárín wọn kò jẹ ju 5 lọ ní àlọ. Àwọn ará Trieste ní okùn kúkurú. Wọn kò ní oògùn. (Trieste kì í ṣe àlejò fún wa ní Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ilé ìmọ̀ físíìsì tí Abdus Salam dá sílẹ̀ níbẹ̀ wà lára àwọn tó ran OAU lọ́wọ́ láti gbé nẹ́tíwọ̀kì ọgbà rẹ̀ dìde ní àwọn ọdún 1990.) Àwọn fídíò mìíràn sì wà tí kì í ṣe ojúkojú rárá. Ní 2010, Eric Whitacre kó ohùn èèyàn 185 láti orílẹ̀-èdè 12 jọ sínú orin kan, olúkúlùkù ti ká tirẹ̀ sílẹ̀ nílé kó tó fi ránṣẹ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá ẹnì kankan lóhùn níbẹ̀.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, kì í ṣe gbogbo ìlù ló jẹ aago ní gbèsè. Gúdúgúdú jẹ ẹ́. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó ti kọ. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti àwọn omele yòókù so mọ́ ọn, olúkúlùkù pẹ̀lú gbólóhùn kúkurú tirẹ̀ tó ń yí po. Ìyáàlù ló dá yàtọ̀. Nígbà tó bá ń dárin fún ijó, òun náà wọ inú àjàgà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, tó ń ki oríkì, tó ń kí àlejò, tó ń pe orúkọ òkú ọ̀run, ẹ̀mí ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀lé. Á dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró, á sáré níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sáré, omele á máa lọ nísàlẹ̀ rẹ̀ láìbéèrè. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fi 130 pẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀ ń bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ìpẹ́lọ́nà náà wà níbẹ̀, ẹ kò kíyè sí i rí.

Orí bá yín ṣe é, ìyáàlù ni àbúrò yín ń lù. Ká ní gúdúgúdú ni, mi ò bá ní kí ó ká ìkíni sílẹ̀ sínú fídíò kó fi ránṣẹ́.

Bí èmi bá ni yín, báyìí ni mo ṣe máa tò ó. Kí òun ṣí i. Kí gbogbo omele dákẹ́, kí ìyáàlù láti Manchester nìkan kún họ́ọ̀lù, kí ó ki bàbá yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fi nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó máa pè, kí ẹ̀yin máa dáhùn. Lílé àti ègbè ni ẹ fi tọ́ wa dàgbà, àlàfo sì ti wà nínú rẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni tó ń gbè kì í já lu ẹni tó ń lé. Ìpẹ́lọ́nà á fara pamọ́ sínú àlàfo yẹn, ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ kàn kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi ẹsẹ̀ ka ìgbà tí ègbè máa dé. Kí ó gbọ́ ègbè parí kí ó tó tún lé.

Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe èyí ni kí omele wọlé, kí ó máa sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ibí ni etí dídi ti wúlò. Oní-gúdúgúdú kò gbọdọ̀ gba àkókò lọ́wọ́ pírójẹ́tọ̀ rárá. Ẹ gbé e jìnnà sí sípíkà tó ń gbé ohùn àbúrò yín jáde, kí àwọn omele yòókù yí i ká kí wọ́n sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Òun ni ọba ní ìṣẹ́jú yẹn. Kí àbúrò yín sì máa sọ ọ̀rọ̀ tó gùn, tó lálàfo, kí ó má ṣe lu àwọn gbólóhùn kéékèèké tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀.

Tó bá di ijó, kí ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé èyí kọ́ ni ẹ fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyáàlù ijó kì í fi etí nìkan lù, ojú ló fi ń lù: á wo èjìká oníjó, á rí ẹsẹ̀ tó fẹ́ yí, á sì ti sọ ọ́ kí ẹsẹ̀ náà tó balẹ̀. Àwòrán tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Manchester, àná ni lójú oníjó. Ẹ wá ẹlòmíì nínú ìdílé tó máa gbé ìyáàlù níbí fún ijó. Kí àbúrò yín máa wò, kí ó máa jó nílé tirẹ̀.

Èmi náà ti fi ojú ara mi rí i. Ní 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Lágeéré ní Ifẹ̀ níbí ní kí n so àwọn pọ̀ lórí Zoom. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá, mi ò ronú kàn án. Ìyá ẹgbẹ́ lé orin, ègbè sì dé ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún bí òjò orí páànù. Mama wo ojú fóònù títí, wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀rọ yín ló ń ṣe báyìí ni, àbí wọ́n fi ṣe wá ni?" Nígbà tó yá, mo pa maíkì gbogbo èèyàn, mo ṣẹ́ ti Mama nìkan kù. Olúkúlùkù ń gbè nílé tirẹ̀, ó sì gún nílé olúkúlùkù. Ilé Mama nìkan ni ègbè kò dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí òkun bá wà láàárín, ibì kan ṣoṣo ni ìlù ti lè gún régé, ẹni tó ń ṣètò ló sì máa yan ibẹ̀. Bí àbúrò yín bá ń lu sórí ohun tó ń gbọ́, inú yàrá rẹ̀ ni méjèèjì ti pàdé dọ́gba. Bí ó bá pe àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Manchester jọ sílé, àwọn yẹn ló máa gbádùn jù, ẹ̀yin lẹ̀ máa jẹ ìpẹ́lọ́nà. Àwọn tó ń wò yín lórí Facebook tún lè rí i kó gún: kí soundman yín fi délè 130, ìyẹn ìpẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, sórí ohùn omele tó ń lọ sórí Facebook, kí ti àbúrò yín sì lọ bó ṣe dé. Ọ̀pọ̀ míksà ìgbàlódé ló ní délè yìí nínú. Inú họ́ọ̀lù nìkan ni kò ti ṣeé ṣe, nítorí ìró gúdúgúdú gan-an á ti dé etí èrò kí sípíkà tó sọ̀rọ̀. Mo ti rò ó rí pé kí wọ́n kó onílù sínú yàrá mìíràn, kí gbogbo ohùn gba sípíkà jáde. Ṣùgbọ́n ìrántí wo nìyẹn? Ta ni wọ́n máa lẹ owó mọ́ lórí?

Ó ku ẹ̀rọ. Ẹ má lo WhatsApp fún ohùn, ẹ má sì lo Zoom fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n ní ohun kan nínú tó ń gé ariwo kúrò, ìlù sì ni ariwo lójú rẹ̀. Á jẹ kí ìró kọ́kọ́ bú jáde, á sì gé ìrù rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìrù ìró jẹ́ nínú dùndún. Bí ìyáàlù bá sọ "ìlú", tí ẹ̀rọ gé ohùn òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣé "ìlú" ló sọ ni àbí "ìlù"? Odindi oríkì á di ẹ̀fẹ̀. Zoom ní ibi kan tí ẹ ti lè tan ohùn àwọn olórin láìgé e, ṣùgbọ́n ìpẹ́lọ́nà rẹ̀ ṣì pọ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ SonoBus ni mo máa yàn fún yín. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ tààrà, ó sì ń fi iye ìpẹ́lọ́nà hàn yín. Jamulus, tí Volker Fischer bẹ̀rẹ̀ ní 2006, dáa fún ẹgbẹ́ tó pọ̀ tó wà nítòsí ara wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan láàárín ló ń po gbogbo ohùn pọ̀, ohùn tìrẹ náà á sì padà bá ọ létí. Àbúrò yín kò gbọdọ̀ gbọ́ ara rẹ̀ padà láti Ìlẹ́ṣà. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ pẹ̀lú ìpẹ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, yálà ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀ tàbí ọ̀pá ìlù. Kí soundman yín fi ohùn omele nìkan ránṣẹ́ sí i, kí ó yọ tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Kí ẹ sì gbé maíkì sún mọ́ awọ ìlù, kí sípíkà kọjú sí èrò, kí maíkì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe fóònù. Kí okùn wọ ráútà; ẹ gbàgbé Wi-Fi lọ́jọ́ náà, òun ló ń mú ohùn ṣe ségesège jù. Nínú ìṣètò ohùn, buffer (iye ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó fi ránṣẹ́) 128, ní ìwọ̀n 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò jẹ ju bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3 lọ. Tó bá ń já, ẹ gbé e sí 256. Hẹ́dífóònù olókùn ni kí àbúrò yín lò. Ti Bluetooth lè fi ju 100 lọ kún un, ẹ̀yin tí òkun ti gba 90 lọ́wọ́ yín kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti ná.

Ẹ jẹ́ kí Zoom gbé àwòrán nìkan, kí ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Àwòrán á máa pẹ́ ju ohùn lọ, nítorí náà kí kámẹ́rà àbúrò yín máa wo ojú àti èjìká rẹ̀, kó má wo ọwọ́. Bí èrò bá rí ọ̀pá ìlù tó balẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ìró rẹ̀, wọn kò ní gbọ́ oríkì mọ́. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n á máa wò. Ojú ọmọ tó ń ki bàbá rẹ̀ tó wọn.

Iná: ẹ má jẹ́ kí ráútà àti láptọ́ọ̀pù wà lórí jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ínfátà kékeré tàbí UPS ló máa gbà yín nígbà tí NEPA bá múná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì wọlé. Kí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ jìnnà sí maíkì. Aago Manchester fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa ní oṣù Kejìlá, ẹ ṣọ́ra kí ó má jẹ́ pé ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ ń pè é.

Kí ó sì ká oríkì yẹn sílẹ̀ sínú fídíò lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ fi pamọ́ sórí láptọ́ọ̀pù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire lọ́jọ́ kan ṣoṣo, MainOne wà nínú wọn, báńkì pàápàá dúró lójú kan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrántí, kò sí soundman tó lè wọ inú òkun lọ so ó.

Ẹ ṣe ìdánwò kan fún mi ní Sátidé. Kí àbúrò yín gbé hẹ́dífóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ maíkì rẹ̀, kí ó má lu nǹkan kan. Ẹ lu gúdúgúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbí, ẹ ká a sórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú ohùn tó bá padà wá. Àlàfo tó bá wà láàárín ìró kìíní àti èkejì ni ìpẹ́lọ́nà yín gan-an, gbogbo ẹ̀rọ ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀, ẹ tún ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ìlú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, èmi á sọ iye tí soundman yín máa fi sí délè.